Orin Àjíǹde àti Ilẹ̀kùn Ẹ̀wọ̀n

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí a bá kọ orin ìyè lásìkò Àjíǹde, tí ẹgbẹ́ akọrin gbé ohùn sókè, tí dùùrù àti fèrè ń gbè é, ta ni ìyè náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?

Ní Dublin, nílẹ̀ Ireland, ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ Messiah, iṣẹ́ Handel, fáráyé gbọ́. Ọjọ́ 13 oṣù April, ọdún 1742 ni, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Àjíǹde. Wọ́n ti bẹ àwọn obìnrin pé kí wọ́n má wọ yẹ̀rì tó fẹ̀, kí àwọn ọkùnrin fi idà sílé, kí àyè lè gba èrò. Owó tí wọ́n rí, ilé ìwòsàn méjì pín níbẹ̀. Ìyókù lọ sọ́dọ̀ àwọn tí gbèsè sọ sẹ́wọ̀n. Onígbèsè 142 ló tibẹ̀ gba ìdáǹdè.

Àwọn kan á ní, “Kí orin ṣáà ti dùn, ó tán.” Èmi ò bá wọn jà, ọkàn tó rẹ̀wẹ̀sì nílò adùn. Ṣùgbọ́n ẹnu dùn-ún ròfọ́. Lónìí, nílẹ̀ wa níbí, àwọn kan ṣì wà lẹ́wọ̀n nítorí fáìnì táṣẹ́rẹ́ tí wọn ò rí san. Kí ni ká wí fún irú wọn, táa bá ń kọrin pé ibojì ti ṣí?

Lójú tèmi, kí ìjọ tó ń palẹ̀ orin Àjíǹde mọ́ dá owó jọ, kí wọ́n fi gba ẹnìkan ṣoṣo jáde. Onítọ̀hún á mọ̀ pé orin náà kan òun.