Kí Ó Tó Yọ́ Tán Lẹ́nu

Bí òkúta ni súìtì rí títí itọ́ yóò fi kàn án. Bí ahọ́n bá gbẹ pátápátá, tí a gbé ṣúgà lé e lórí, kò ní dùn. Líle nìkan ni èèyàn máa mọ̀. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ́ ná. Ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tán kí adùn rẹ̀ tó hàn. Ohun tí mo ń rò láti ìrọ̀lẹ́ nìyí, tí súìtì bàbá dúdú kan wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, tí mò ń fi ahọ́n tì í láti ọ̀tún sí òsì, tí mi ò sì fẹ́ jẹ ẹ́ run.

Àgbọn ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe é á fọ́ àgbọn, á yọ inú rẹ̀, á rin ín, á fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pò ó, á sì fún un títí háhá rẹ̀ kò fi ní nǹkan kan mọ́. Wàrà tó bá jáde ni yóò gbé kaná pẹ̀lú ṣúgà. Lẹ́yìn èyí, ó ku dídúró. Apá yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí fún ìgbà pípẹ́ ó máa ń dà bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ó ń hó, omi ń bá ooru lọ, òórùn àgbọn ń wọ aṣọ, ó ń wọ irun, ó ń jáde lójú fèrèsé lọ bá aládùúgbò. Nígbà tó bá yá, òróró á yọ sójú, ìfóòfó tó ti ń sáré á wúwo, á máa bẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn ìkòkò á sì yí padà. Obìnrin tó di omorogùn mú á ti gbọ́ ìyípadà yẹn kí ojú rẹ̀ tó rí i.

Omi lásán ń hó ní 100 °C, kò sì ní gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, bó ti wù kí a koná mọ́ ọn tó. Èyí tó ní ṣúgà nínú kò rí bẹ́ẹ̀: bí omi rẹ̀ ṣe ń dín kù ni ooru rẹ̀ ń gòkè. Ní nǹkan bíi 115 °C, bí a bá kán an sínú omi tútù, ó máa ń rọ̀, ọwọ́ lè mọ ọ́n. Bó bá dé nǹkan bíi 150 °C, ńṣe ni yóò ṣẹ́ kán. Díẹ̀ sí i, ní agbègbè 160 °C, ṣúgà fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká, á di ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan mìíràn, àwọn kan nínú wọn ń ta sánsán, àwọn kan korò. Àwọ̀ dúdú tí a ń rí lára bàbá dúdú, ìjóná ni. Ìjóná tí ẹnì kan dá dúró lójú ọ̀nà. Àwọn ìyá tó ń ṣe é kò sì ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru, àfi abọ́ omi tútù kan, imú, àti etí. Bí wọ́n bá tètè sọ̀ ọ́, kò ní dì. Bí wọ́n bá pẹ́ díẹ̀, gbogbo ìkòkò á korò, kò sì sí ohun tó lè dá a padà.

Ara èmi náà ń jó ṣúgà. Ní 37 °C, láìsí ọwọ́ iná, láìsí èéfín, ó ń jó o díẹ̀díẹ̀, èémí tí mò ń mí síta sì ń gbé ohun tó kù lọ. Bí ẹnì kan bá bọ̀ mí lọ́wọ́ tó sì bá a pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, oúnjẹ tó ń jóná ló fọwọ́ kàn. Mi ò mọ iná yìí bí iná títí di àárọ̀ ọjọ́ tí mo fọwọ́ kan ìyá mi àgbà, tí kò sí mọ́. Òtútù ara rẹ̀ ló sọ fún mi, kì í ṣe ojú rẹ̀ tó dì.

Súìtì mìíràn wà, sìsí pẹ́lẹ́bẹ́, tí kò fẹ́ wàrà ní tirẹ̀. Ṣúgà nìkan ni a ó yọ́ títí yóò fi pọ́n, a ó da ẹ̀pà yíyan tí a ti bó sí i, a ó yára dà á sórí pákó tí a ti fi òróró pa, a ó tẹ́ ẹ, a ó sì gé e kí ó tó tutù. Ìyára yẹn ló ń jẹ́ kí ó mọ́ gaara láàárín ẹ̀pà kan sí èkejì. Àwọn ẹyọ tínńtínní tó para pọ̀ di ṣúgà, tí ojú kò tó, a máa fẹ́ tò bí wọ́n bá ń tutù, kí wọ́n padà di wóró. Ṣùgbọ́n òtútù ká wọn mọ́ lójijì, wọn kò rí àyè tò. Bí wọ́n ṣe wà nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣàn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n dúró. Dígí ojú fèrèsé náà, irú ìdúró yìí ni: yanrìn tó yọ́, tó sì dì kí ó tó rí àyè tò. Àwọn kan a máa fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ṣúgà kí ó má baà tètè di wóró. Síbẹ̀, ìdádúró lásán ni. Bí òjò bá dé, tí afẹ́fẹ́ kún fún omi, súìtì á fa omi náà mọ́ra, á máa lẹ̀ mọ́ ọ̀rá, àwọn ẹyọ inú rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí àyè rìn.

Ìyá mi àgbà a máa di súìtì mọ́ ìṣẹ́tí ìró, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń di owó sí. Nígbà tí a ń ká àwọn aṣọ rẹ̀, mo tú kókó kan, mo bá ẹyọ kan níbẹ̀. Kò mọ́ gaara mọ́. Ó ti funfun láti ẹ̀gbẹ́ wọnú, ó ti di wóró-wóró. Ohun tó ti ń fẹ́ ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ̀ ọ́ lórí iná, ó ti ráyè ṣe é nínú òkùnkùn aṣọ yẹn, nígbà tí ẹni tó dì í ń ṣàìsàn, nígbà tí à ń sunkún, nígbà tí à ń jíròrò lórí ẹni tí yóò mú èwo nínú ẹrù.

Ológbò inú ilé tí wọ́n ti ń ṣe súìtì á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó, kò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ológbò kò lè mọ adùn ṣúgà rárá. Ohun tí ahọ́n fi ń mọ̀ ọ́n ti bàjẹ́ nínú ìran wọn láti ayébáyé. Ilé kan náà, ìkòkò kan náà, ṣùgbọ́n ayé tí kò sí dídùn ni ó ń gbé, kò sì pàdánù nǹkan kan lójú ara rẹ̀. Mo bi ara mi pé kí ló wà níwájú mi báyìí tí èmi náà ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ahọ́n mi pàápàá kì í pẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń mọ adùn lórí rẹ̀ ń kú, òmíràn ń rọ́pò wọn, láàárín nǹkan bí ọjọ́ 10 sí ọjọ́ 14. Èyí tí mo fi lá bàbá dúdú nígbà tí mo wà ní jẹ́lé-ó-sinmi ti kú tipẹ́tipẹ́, àrólé rẹ̀ ti kú, àrólé àrólé rẹ̀ ti kú. Ta wá ni ó ń rántí?

Ọ̀nà tí ṣúgà àti àgbọn gbà dé inú ìkòkò wa jìn. Ní New Guinea ni àwọn èèyàn ti kọ́kọ́ gbin ìrèké, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ní Íńdíà ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń se oje rẹ̀ di wóró. Ọkọ̀ àwọn Potogí ló gbé àgbọn wá sí etíkun wa ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Igi rẹ̀ ló sì kún Badagry lónìí, etíkun tí wọ́n ti ń kó èèyàn wọ ọkọ̀ ẹrú. Bí Ọ̀yọ́ ilé ṣe ń tú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa bọ́ sí Bahia ní Brazil, àwọn mìíràn bọ́ sí Cuba, sínú oko ìrèké. Wọ́n gé e, wọ́n fún un, wọ́n sè é lọ́sàn-án lóru, nítorí ìrèké tí a bá ti gé kì í dúró deni. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kú sí. Cuba kò fòpin sí oko ẹrú títí di 1886; Brazil, 1888. Nítorí ṣúgà. Nítorí ohun tí kì í pẹ́ lẹ́nu tó ìṣẹ́jú mélòó kan. Mo ti gbìyànjú láti ya èrò yìí sọ́tọ̀ kí n lè jẹ́ kí bàbá dúdú dùn ní tirẹ̀, kò ṣeé ṣe, mi ò sì rò pé ó yẹ kí ó ṣeé ṣe.

Ní ìlú Salvador ní Bahia, àwọn obìnrin aláṣọ funfun tó ń din acarajé, èyí tí í ṣe àkàrà wa, a máa ta cocada lórí tábìlì kan náà: àgbọn rírin àti ṣúgà, ọ̀kan funfun, ọ̀kan dúdú. Mo ń ro obìnrin kan lára àwọn ará ìṣáájú, tó bọ̀ láti oko ìrèké pẹ̀lú ọwọ́ tó ti ya, tó ṣì gbé ìkòkò kaná fún ọmọ. Kí ló wà lọ́kàn rẹ̀ bó ṣe ń rò ó? Ṣé ó tọ́ ọ wò? Ṣé ó dùn ún lẹ́nu?

Níbi ìsọmọlórúkọ, a máa ń fi oyin tàbí ṣúgà kan ọmọ létè, àwọn àgbà á máa wúre lé e. Ojú ọmọ náà ni mo máa ń wò. Kò gbọ́ ohun tí à ń sọ, kò mọ̀ pé a ń fún òun ní nǹkan tí a ń pè ní orúkọ. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tó ti fún pọ̀ á tú, ètè rẹ̀ á máa wá sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ tí kò tíì lo ọjọ́ kan láyé ń ṣe: ohun kíkorò á mú ojú wọn dì, ohun dídùn á tú u. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn. Ní ọ̀sẹ̀ tí ìyá mi àgbà lò kẹ́yìn, nígbà tí kò mọ orúkọ ìkankan nínú wa mọ́, tó ti gbàgbé tirẹ̀ náà, ó ṣì ń la ẹnu bí a bá gbé súìtì sún mọ́ ọn. Kí ni ó wà nínú èèyàn yẹn, tó ti wà níbẹ̀ kí orúkọ tó dé, tí orúkọ sì lọ tán, tí òun ṣì jókòó?