Ìràwọ̀ Ńlá àti Àwọn Àbúrò Rẹ̀

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí Ó dá sánmọ̀ àti ilẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rù Rẹ̀. Ìbéèrè wa lónìí nìyí: kí ni ẹni tí a gbé ga jẹ ní gbèsè fún àwọn tí wọ́n jọ ti orísun kan wá?

Ẹ wo òkè. Ìràwọ̀ kì í sábà dá nìkan wáyé. Ìkùukùu gáàsì àti eruku tí ó tutù ni òòfà ara rẹ̀ máa ń fún pọ̀, títí yóò fi pín sí ìṣù kéékèèké. Inú àwọn ìṣù náà ni ìràwọ̀ ti ń tàn. Nínú ìkùukùu tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Tarantula, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rin nǹkan bí 160,000 ọdún kí ó tó kàn wá, agbo ìràwọ̀ kan wà tí ń jẹ́ R136. Wọ́n fún mọ́ra níbẹ̀ bí èrò ní yídì lọ́jọ́ ọdún. Àwọn kan nínú wọn wúwo ju oòrùn wa lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 100.

Bí irú òmìrán bẹ́ẹ̀ bá ti tàn, ìtànṣán rẹ̀ àti ẹ̀fúùfù tí ń jáde lára rẹ̀ a tú gáàsì tí ó kù ká. Ohun tí ìbá di ìràwọ̀ mìíràn a fọ́n dànù. Ṣùgbọ́n ní etí ìkùukùu, agbára yẹn kan náà lè ti gáàsì jọ, kí ìràwọ̀ tuntun sì tibẹ̀ yọ. Òmìrán náà kì í sì í pẹ́: mílíọ̀nù ọdún díẹ̀ ni tirẹ̀, nígbà tí irú oòrùn wa ń lo nǹkan bíi bílíọ̀nù 10.

Ẹ má bú ìràwọ̀ náà. A kò fún un láǹfààní láti yàn. Àwa ni a fún. Ẹ̀gbọ́n tí ó ta ilẹ̀ bàbá, tí ó fi àwọn àbúrò sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo, ń tàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ìbá tan àwọn ẹlòmíràn ni ó fọ́nká. Bí ó bá ní, “Òógùn mi ni mo ń jẹ,” ẹ dá a lóhùn pé ìkùukùu ti wà kí ìràwọ̀ tó wà.

Nítorí náà, ẹni tí ogún wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó pín in bí ó ti tọ́, kí ọjọ́ tó lọ. A kò ní bi ìràwọ̀ léèrè lọ́jọ́ ìdájọ́. A ó bi wá.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wa ṣe ará ilé wa lóore. Àmín.