KÉWÚ TÍ À Ń KÉ, IBO NI Ó DÉ NÍNÚ WA?

Bismillahi Rahmani Rahim. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, bí ènìyàn bá gba Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun kọjá ní ìrọ̀lẹ́, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ ohùn àwọn ọmọ kéwú. Àwọn kékeré ń pe álífù lójú wàláà, àwọn tí ó dàgbà díẹ̀ jókòó ti ìwé. Inú wa a máa dùn sí i. Ṣùgbọ́n kéwú tí à ń ké yìí, ṣé orí ahọ́n ni ó dúró sí, tàbí ó ń wọ inú ọkàn?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti ka ìwé Mukhtasar tí Shaykh Abdur-Rahman Al-Akhdari kọ ní ilẹ̀ Algeria ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, lórí ìjọsìn ní ìlànà Imam Malik. Bí a bá bi ọmọ kéwú pé kí ni ó wà nínú rẹ̀, yóò ní àlùwàlá, ìwẹ̀ jánábà, ìrun àti àtúnṣe ìgbàgbé inú ìrun. Kò parọ́. Ṣùgbọ́n kí Shaykh tó fẹnu kan omi rárá, ó ti sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó ní ohun àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ọ̀ranyàn lórí ẹni tí ó ti bàlágà ni kí ó tún ìgbàgbọ́ rẹ̀ ṣe, lẹ́yìn náà kí ó mọ ohun tí ìjọsìn ọ̀ranyàn rẹ̀ yóò fi dára. Ó ní kí ó ṣọ́ ẹnu rẹ̀, ojú rẹ̀ àti gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀. Ó ṣàlàyé túúbá: kí ènìyàn kábàámọ̀ ohun tí ó ti kọjá, kí ó pinnu pé òun kò ní padà síbẹ̀ mọ́, kí ó sì jáwọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó wá kìlọ̀ pé kò tọ́ kí ènìyàn máa fi túúbá falẹ̀, kí ó máa wí pé ó di ìgbà tí Ọlọ́hun bá tọ́ òun sọ́nà. Ó ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kún àmì oríburúkú àti ìfọ́jú ọkàn.

Ta ni nínú wa tí kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí? Ẹ ní kí ọ̀dọ́kùnrin kan fi ọtí sílẹ̀, yóò ní, “Àáfáà, ẹ ṣáà máa bá mi ṣe àdúà, ọjọ́ tí Ọlọ́hun bá fẹ́ n ó fi í sílẹ̀.” Ẹ ní kí ọ̀dọ́bìnrin kan dẹ́kun òfófó, yóò ní ó ń bọ̀, in sha Allah. Èsì ọ̀rọ̀ wọn wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé tí wọ́n ti kà tán láti kékeré! À ń sáré kọjá níbẹ̀ ni, kí a lè dé ibi àlùwàlá, nítorí àlùwàlá ni wọn yóò bèèrè nígbà ìdánwò.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé nìkan ni. Imam Abu Hamid Al-Ghazali, tí wọ́n bí ní ìlú Tus ní 1058, ni wọ́n fi ṣe olùkọ́ ní Nizamiyya ti Baghdad ní 1091, nígbà tí ó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 33. Akẹ́kọ̀ọ́ 300 ni ó ń kọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, Al-Munqidh min ad-Dalal, pé nígbà tí òun yẹ àníyàn òun wò, òun rí i pé kì í ṣe nítorí Ọlọ́hun ni òun fi ń kọ́ni, bí kò ṣe nítorí ipò àti òkìkí. Lónìí yóò ní òun yóò lọ, lọ́la yóò tún jókòó. Ó tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà tí ó fi wà nínú èyí. Nígbẹ̀yìn, ahọ́n rẹ̀ kọ̀ fún un: ó fẹ́ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò jáde, oúnjẹ pàápàá kò lọ ní ọ̀fun mọ́, àwọn oníṣègùn sì ní inú ọkàn ni àìsàn náà ti wá. Ní 1095 ó pín dúkìá rẹ̀, ó fi èyí tí yóò tó àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì kúrò ní Baghdad lọ sí Damascus, ó dé Jerúsálẹ́mù, ó sì lọ sí Hajj. Ní 1106 ó padà sí iṣẹ́ olùkọ́ ní Nishapur, ó sì kú ní Tus ní 1111.

Ẹ kíyè sí i pé ó padà. Kò sọ pé ìmọ̀ kò dára. Àníyàn ni ó lọ tún ṣe. (Àríyànjiyàn lórí tọ̀ríkà kọ́ ni a ń fà níhìn-ín. Ẹni tí ó ń ṣe wírídì àti ẹni tí kò ṣe é, àwọn méjèèjì ni wọ́n ní ọkàn láti fọ̀.)

Ọ̀pọ̀ oníwàásí a máa sọ pé Ànábì ni ó wí pé ẹni tí ó mọ ara rẹ̀ ti mọ Olúwa rẹ̀. Imam An-Nawawi ti sọ pé kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní hádíìsì. Àwọn onímọ̀ mìíràn sì ní ọ̀rọ̀ Yahya bin Mu'adh Ar-Razi ni. Kí a má ṣe purọ́ mọ́ Ànábì nítorí ọ̀rọ̀ dídùn. Àlùkùránì tó wa. Nínú Suratul-Hashr, aya 19, Ọlọ́hun kìlọ̀ kí a má dà bí àwọn tí wọ́n gbàgbé Rẹ̀, tí Ó sì mú kí wọ́n gbàgbé ara wọn.

Ní ìlú wa, wọ̀límọ̀ ni òpin kéwú lójú ọ̀pọ̀ òbí. A ó ra aṣọ ẹbí, a ó pa màlúù, a ó pe olórin, lẹ́yìn náà Àlùkùránì á gun orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọmọkùnrin á lọ kọ́ṣẹ́ tàbí kí ó wọ poli, ọmọbìnrin á lọ ilé ọkọ. Ta ni ó sọ pé ilé ọkọ ni òpin ìmọ̀? Nana Asma'u, ọmọ Shehu Usman dan Fodio, tí ó gbé ayé láti 1793 sí 1864, bímọ, ó tọ́jú ilé, síbẹ̀ ó kọ́ àwọn obìnrin tí à ń pè ní 'Yan Taru, tí wọ́n ń ti abúlé wá sọ́dọ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì ń padà lọ kọ́ ẹlòmíràn.

Nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ní oṣù August, ọ̀dọ́ tí kò lè sọ ìdí tí òun fi ń kírun ni ẹ ó rí tí yóò máa bá aládùúgbò rẹ̀ jà. Ariwo rọrùn fún un ju túúbá lọ.

Nítorí náà, ẹ gbé Akhdari yín padà tọ àáfáà tí ó mọ̀ yín lọ, ẹni tí ó lè wo ojú yín kí ó bá yín wí. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó fi oṣù kan gbáko kọ́ yín ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà nìkan. Lẹ́yìn ìrun Íṣáì lálaalẹ́, kí oníkálukú ro ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ, tí ojú rẹ̀ wò, tí ọwọ́ rẹ̀ gbà ní ọjọ́ náà, kí ó sì bi ara rẹ̀ pé nítorí ta ni.

Wassalamu alaykum wa rahmatullah.