Ìrántí Ikú àti Ẹ̀tọ́ Ọmọnìkejì

Kò sí ẹ̀dá tí ó ń jiyàn ikú. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń yẹ̀wò ni ipa tí ìrántí rẹ̀ yẹ kí ó ní lórí ìgbé-ayé Mùsùlùmí. Ímáàmù Abū Ḥāmid al-Ghazālī, tí ó jáde láyé ní ìlú Ṭūs ní ọdún 1111 (505 lẹ́yìn Hijira), pín àwọn ènìyàn sí ọ̀nà mẹ́ta nínú èyí tí ó kẹ́yìn nínú ìwé 40 tí ó para pọ̀ di Iḥyā’ ‘Ulūm al-Dīn: ẹni tí ayé ti gbé mì, tí ó ń sá fún orúkọ ikú; ẹni tí ó ti ronú pìwà dà, tí ó ń rántí ikú kí ìrònúpìwàdà rẹ̀ lè pé; àti ẹni tí ó mọ Ọlọ́hun ní àmọ̀dájú, tí ó ń retí ikú nítorí ìpàdé Olúwa rẹ̀.

Ẹni kejì yìí lè máa kórìíra ikú, ṣùgbọ́n al-Ghazālī kò ka èyí sí àléébù fún un, nítorí pé ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ ni kò tíì parí. Àmì òdodo rẹ̀ ni pé ìmúrasílẹ̀ náà ni iṣẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Kí wá ni ìmúrasílẹ̀? Ọ̀pọ̀ rò pé ẹkún, wáàsí àti àfikún ìrun nìkan ni. Súrat al-Nisā’, ẹsẹ̀ 11 àti 12, fi wàsíyà àti gbèsè síwájú pípín ogún. Hádíìsì sì fi hàn pé Ànábì (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fà sẹ́yìn láti kírun sí òkú ẹni tí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀, títí Abū Qatādah fi gba gbèsè náà sọ́rùn ara rẹ̀. Ikú kì í pa ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì rẹ́.

Ẹnìkan lè sọ pé ìṣírò owó jẹ́ ọ̀rọ̀ ayé, pé kò yẹ ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà ní ọ̀run. Iyàn yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí ó fi gbèsè rẹ̀ pamọ́ fún ará ilé rẹ̀ ti di ẹrù tirẹ̀ lé ọmọ òrukàn lórí. Bákan náà ni àwọn mọ̀lẹ́bí tí ó fi owó ogún pa màlúù fún fìdáù ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí olówó ṣì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà: ohun olóhun ni wọ́n fi ń tọrọ àánú fún òkú wọn.

Yorùbá ní òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn. Ẹkún náà kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sunkún ara rẹ̀ ní tòótọ́ létí sàréè yóò délé, yóò mú kálàmù, yóò kọ orúkọ àwọn tí ó jẹ ní gbèsè, yóò sì pe ẹlẹ́rìí sí i. Ọlọ́hun ni Ó mọ̀ jùlọ.