Odi Tí A Mọ, Ògiri Tó Lanu

Ọ̀nà méjì ni àwọn tó ń jiyàn lórí owó-ibodè pín sí. Apá kan ní kí ìjọba tilẹ̀kùn, kí ọjà òkèèrè má baà pa iṣẹ́ ọwọ́ wa. Apá kejì ní ẹni tó bá tilẹ̀kùn mọ́ ọjà olówó pọ́ọ́kú, mẹ̀kúnnù ló tì í mọ́. Mo ti gbọ́ iyàn náà lẹ́nu àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, mo ti gbọ́ ọ nínú dánfó láti Òṣòdì dé Ìyànà Ìsọlọ̀, òótọ́ sì wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọn kì í bi ara wọn, òun ló ń dùn mí: irú èèyàn wo ló wà nínú ilé tí a fẹ́ tilẹ̀kùn rẹ̀ yìí? Nítorí bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ̀ ọ́.

Owó-ibodè kì í ṣe ohun tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa. Ìlú tó bá ní odi, ó ní oníbodè. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá gbé ìgbìmọ̀ ìṣàkóso wọn kalẹ̀ ní 1865, wọ́n ń gba owó lórí ẹrù tó ń jáde ní Abẹ́òkúta. N kò sọ pé ẹni mímọ́ ni gbogbo oníbodè ìgbà náà. Àwọn ìjòyè kan fi ibodè ni oníṣòwò lára, ó sì dá ìjà sílẹ̀. Àmọ́ gbogbo ìlú ló mọ oníbodè àná, wọ́n mọ baba tó bí i, wọ́n mọ agbolé rẹ̀. Bó bá ta ìlú, àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ ni yóò máa jogún ẹ̀tẹ́ náà. Àná, orúkọ ń ṣọ́ ẹni tó ń ṣọ́ bodè. Lónìí, ta ló ń ṣọ́ ọ?

Ẹ wá sí ọjà Aswani ní Ìsọlọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí ẹ wá wo ohun tí mò ń wí. Ilé-iṣẹ́ aṣọ ló fún ọjà náà lórúkọ. Afprint náà wà ní òpópónà márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá, àǹkárá ni wọ́n ń tẹ̀ níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ aṣọ tó wà ní Nàìjíríà lé ní ọgọ́rùn-ún, kò sì sí iṣẹ́ tó gba èèyàn tó o lẹ́yìn iṣẹ́ ìjọba. Níbi tí a ti ń hun aṣọ nígbà náà, òkìríkà là ń bẹ̀rẹ̀ ṣà níbẹ̀ báyìí. Mo dúró ti obìnrin kan tí wọ́n ń tú bélì aṣọ àlòkù rẹ̀. Ọmọkùnrin kan fi ọ̀bẹ gé okùn ike tó dì í, òórùn káńfọ̀ gba gbogbo ibẹ̀, kí aṣọ tó balẹ̀ ọwọ́ ti pé lé e lórí, oníkálukú ń wá èyí tó dára jù. Kóòtù kékeré kan bọ́ síwájú mi. Orúkọ ọmọ ilé-ìwé kan, tí wọ́n fi òwú pupa rán, ṣì wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀.

Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ mọ̀ pé òfin ò gba kí èyí wọlé?"

Ó wò mí. "Ọkọ mi, bélì yìí ò fò, kò sì gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá. Ojú títì ló gbà wọlé, lójú ayé. Ẹni tó ní kó má wọlé, ṣé kò rí i ni?"

Kò parọ́. Ó pẹ́ tí aṣọ àlòkù ti wà lára ohun tí àwọn aṣọ́bodè ní kò gbọdọ̀ wọ Nàìjíríà. Obìnrin náà kọ́ ni mo bá wí. Owó ilé-ìwé ọmọ ló ń wá. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ṣùgbọ́n àkísà baba wa, ara baba wa ló ti gbó. Àkísà tí àwa ń fi owó rà, ara ẹlòmíràn ló ti gbó kó tó dé. Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Rẹ́gírẹ́gí ni ohun ẹni ń bá ni mu. A mọ òwe náà, a sì ń lọ́ ara wa wọ inú ṣòkòtò yẹn.

Kí ló pa àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ? Iná tí kò sí, epo dúdú tó wọ́n, ẹ̀rọ tó ti gbó, òwú tí àgbẹ̀ ò rí èrè rẹ̀ mọ́: òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n á tún ní Ṣáínà ni. Òótọ́ náà ni. Ṣùgbọ́n ta ló gbé àpẹẹrẹ àǹkárá wa lọ sí Ṣáínà? Àwọn oníṣòwò tiwa ni. Wọ́n ní kí àwọn ará Ṣáínà bá àwọn ṣe é ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí wọ́n tẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà sí etí rẹ̀, wọ́n sì gba Kútọnu kó o wọlé. Òṣìṣẹ́ ilé-aṣọ lè ra aṣọ tó ń lé òun kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kó máa rò pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ló rà. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé.

N kò sì ní gbè sẹ́yìn àwọn oní-ilé-iṣẹ́ láìsọ tiwọn. Nígbà tí odi ga, àwọn kan lára wọn fẹ̀yìn tì í. Aṣọ tí ọ̀dà rẹ̀ ń ṣí níṣojú ẹni tó ń fọ̀ ọ́, iye tó wù wọ́n ni wọ́n ń tà á, nítorí wọ́n mọ̀ pé a ò ríbi lọ. Nígbà tí odi wá wó, ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrànmọ́.

Ìjọba náà ń tì, ó ń ṣí. Ó fòfin de aṣọ òkèèrè, ó tú u sílẹ̀ ní 2010. Ní oṣù kẹfà 2015, Báńkì Àpapọ̀ ní òun ò ní ta dọ́là mọ́ fún ẹni tó fẹ́ kó ohun 41 kan wọlé, ìrẹsì àti aṣọ wà nínú wọn. Ní oṣù kẹwàá 2023, ó yọwọ́. Ní oṣù kẹjọ 2019 wọ́n ti bodè ilẹ̀ pa, ó di oṣù kejìlá 2020 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣí i. Ìrẹsì gbówó lórí, ìrẹsì òkèèrè ò sì tán lọ́jà. Àwọn kan ń tú ti òkèèrè sínú àpò tí wọ́n kọ orúkọ Nàìjíríà sí. Àwọn mìíràn ń tú ti ilẹ̀ wa sínú àpò òkèèrè kó lè tà. Mo ti ro àpò méjèèjì yìí títí. Ẹni àkọ́kọ́ fi orúkọ wa bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹnì kejì fi orúkọ wa pamọ́ bí ẹni pé òun gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀.

Láyé àtijọ́, bí ọmọ bá gbé ohun tí a ò mọ̀ wọlé, ìyá rẹ̀ á ní, "Níbo lo ti rí i?" Lónìí, à ń bi í pé èló ló kù níbẹ̀. Onífàyàwọ́ àná ń fi òru bojú. Tòní ń jókòó ní iwájú gbọ̀ngàn, a ń fi oyè dá a lọ́lá. Ẹ̀bi ẹlòmíràn la tètè ń rí: ní oṣù kẹrin 2025, Trump kéde owó-ibodè 14% lórí ọjà wa tó ń lọ sí Amẹ́ríkà, a sì pariwo. Ṣùgbọ́n ọdún 2000 ni òfin Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní AGOA ti ṣílẹ̀kùn ibẹ̀ fún aṣọ Áfíríkà. Lesotho àti Kenya ran aṣọ lọ; epo rọ̀bì ni ti wa.

Nínú ẹbí wa, a ṣèpàdé lórí aṣọ ìgbéyàwó kan láìpẹ́ yìí. Ẹnì kan dábàá aṣọ òfì láti Ìsẹ́yìn. Ọ̀dọ́ kan ní, "Àǹtí, wọ́n á ní a ò lówó." Àǹtí bi í pé, "Àwọn wo?" Kò rí ẹni dárúkọ. Léèsì òkèèrè la rà.

Èrò tèmi ni pé kí owó-ibodè wà. Láti 2015 ni iye tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fẹnu kò lé lórí ti ń ṣiṣẹ́: kò sí owó lórí àwọn ohun kan, ó sì ga dé 35% lórí àwọn mìíràn. Ìyẹn tó ògiri fún ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́. Àṣẹ kí ohun kan má wọlé rárá ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, nítorí onífàyàwọ́ ló ń bọ́. Ẹni tó máa dáṣọ fúnni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò: kí ẹni tó ń wàásù ọjà ilẹ̀ wa wọ̀ ọ́ sọ́rùn kó tó dé iwájú makirofóònù. Kí ilé-iṣẹ́ tí odi ń dáàbò bò sọ ọjọ́ tí òun yóò dá dúró, kí aṣọ rẹ̀ sì ṣeé fọ̀. Bí òfin bá sì fẹ́ mú èèyàn, kó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ni àpótí ẹrù àti ilé ìkẹ́rùsí, kó tó kan obìnrin tó ń fi bélì kan sanwó ilé-ìwé ọmọ.