Bí Òní Ti Rí

"Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dÍfá ọrọọrún." Ìkìlọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi òwe yìí ṣe: ẹni tó ń jayé lónìí, kó ṣọ́ra. Ní tèmi o, ìtùnú ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ Yorùbá àtijọ́: ọjọ́ Awo, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta, ọjọ́ Ọbàtálá. Bí a bá ka ọjọ́ Awo kan mọ́ èkejì, ó di márùn-ún. Ìyẹn ni ọrọọrún. Bí Ifá bá fọre, babaláwo kò ní tìtorí ìyẹn gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ rẹ̀ kọ́. Bó bá sì fọ ibi, yóò béèrè ẹbọ, yóò rú u, yóò tún dá a nígbà tí ọjọ́ bá pé.

Ibi tí àwa ti ń ṣìnà nìyí. Ọjà kò tà lọ́jọ́ Mọ́ńdè, a ti ní ọdún yìí ò dáa. Ọmọ gba òdo nínú ìṣirò lẹ́ẹ̀kan, a ti pè é ní olódo. N kò ní kí ẹni tí owó ilé ń dà láàmú máa rẹ́rìn-ín kiri, ẹ̀tàn nìyẹn. Kéèyàn tún ọ̀rọ̀ náà wò ni mò ń wí: kí ló ti yí padà? Ta ni mo lè fi lọ̀? Kí ni apá mi ká lónìí?

Ìwọ tí ọ̀rọ̀ kan ti sú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, jọ̀wọ́, tún un yẹ̀ wò kí o tó pa á tì.