Owó Iná, Owó Omi: Kí Ni Kí A Gé?

Ọpẹ́ ni fún Allah, Ọba tí ó ń sọ omi kalẹ̀ láti sánmọ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad (s.a.w.), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, àwọn kan ń rọ àwọn aṣòfin wa ní Àbújá pé kí wọ́n dín owó tí ìjọba ń ná lórí epo, iná mànàmáná àti omi kù. Àwọn mìíràn ní ìkà ni ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀. Kí ni ẹ̀sìn wa fi kọ́ wa?

Èkíní, Islam kórìíra ìnákúnàá. A kì í fi omi àlùwàlá ṣòfò, bí ènìyàn tilẹ̀ wà létí odò. Owó ìlú ńkọ́, tí ó jẹ́ àmáánà? Owó ìrànwọ́ tí ìjọba fi ọ̀pọ̀ ọdún san lórí bẹntiróòlù, ẹni tí ó ní ọkọ̀ márùn-ún jẹ ẹ́ ju ìyá tí ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà. Àwọn onífàyàwọ́ sì ń gbé epo náà lọ tà ní orílẹ̀-èdè Benin. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ilé aṣojú-ṣòfin yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní 2012, wọ́n ní kí a dá owó tí ó lé ní tiriliọnu náírà kan padà. Ṣùgbọ́n ní 2021, ilé ẹjọ́ dá alága ìgbìmọ̀ náà fúnra rẹ̀ lẹ́bi pé ó gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lórí iṣẹ́ yẹn gan-an. Ọ̀bẹ tí a fẹ́ fi gé e ti dípẹtà.

Èkejì, omi àti iná kì í ṣe ọjà lásán. Ànábì (s.a.w.) kọ́ wa pé àjọni ni omi, koríko àti iná. Ní Mọdínà, ẹnì kan ń ta omi kànga Rumah. Sayyidina Uthman (r.a.) fi owó ara rẹ̀ ra kànga náà, ó sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún olówó àti tálákà. Ẹ kíyè sí i: Uthman kò gé owó, ó ná an ni. Ṣùgbọ́n ibi tí ó ná an sí, gbogbo ènìyàn ni ó mu níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti dópin. Láàrin ọjọ́ mélòó kan, lítà epo tí kò tó 200 náírà ti wọ nǹkan bí 500. Bí owó tí a gé báyìí kò bá di omi ẹ̀rọ ní àdúgbò, tí kò di iná ní ilé ìwòsàn, a kàn kó o láti inú àpò tálákà sí àpò mìíràn ni. Àbòsí ni ìyẹn, kì í ṣe ìṣọ́wóná.

Nítorí náà, kí a bèèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ aṣòfin wa: èló ni ẹ gé? Níbo ni ó lọ? Ta ni ọ̀bẹ náà bá? Kí wọ́n kọ́kọ́ gé owó jẹnẹrétọ̀ àti epo ọkọ̀ tiwọn, nítorí ẹni tí yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à ń wò.

Àwa náà ńkọ́? Ẹni tí ó fa wáyà iná láìsanwó, tàbí tí ó fi ẹnu ẹ̀rọ mọ́sálásí sílẹ̀ kí omi máa ṣòfò, kò lè na ìka sí Àbújá. Kí Allah fún wa ní olórí tí ó mọ àmáánà, kí Ó sì jẹ́ kí àwa náà mọ̀ ọ́n. Àmín.